Ọmọrí Táǹkì

Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé lọ́sẹ̀ kan náà
tí Bàbá Ọ̀jẹ̀wùmí ń pè mí
sí pápá ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn Ọ̀tà-Ẹ̀fun.
"Ó tún ti kú."
Gbólóhùn kan ṣoṣo. Ó pa fóònù.

Ẹ̀rọ pupa tí à ń gùn bí ẹṣin,
tó fi ọ̀bẹ pamọ́ sábẹ́ ikùn,
ó dúró gbagidi láàárín pápá.
Koríko ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá,
ti iwájú ga dé orúnkún.
Àwọn ọmọléèwé ti gbé bọ́ọ̀lù dé,
wọ́n jókòó sórí àpò ìwé,
wọ́n ń wò wá bí ẹni wá wo aláìsàn ní Asúbíarò.

Epo ni mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn.
Ta ni kì í fẹ̀sùn kan epo nílùú yìí?
Mo bu díẹ̀ sínú ìgò, mo gbé e sójú oòrùn,
kí n wò ó bóyá omi sùn sí ìsàlẹ̀.
Omi kankan ò sùn níbẹ̀.
Epo mọ́ gaara bí ojú ọmọ tuntun.

Mo pààrọ̀ asẹ́ epo, ti àná ti dúdú bí ìdí ìkòkò.
Mo tú kabúrétọ̀ palẹ̀ sórí páálí,
mo fi ẹyọ wáyà kan tí mo fà yọ lára búrọ́ọ̀ṣì
tọ ihò rẹ̀ tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.
Mo fẹnu fa rọ́bà, epo ta sí mi lọ́fun;
títí di alẹ́, ẹ̀kọ ń rùn bẹntiróòlù lẹ́nu mi.
Ẹ̀rọ jí. Á ké fún bí ogún ìṣẹ́jú,
á bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́,
á rá pálá,
á dákẹ́.
Kí n tó ti Ìgbọ̀nà dé ibẹ̀,
tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, á tún dáhùn
bí ẹni pé baba arúgbó ló ń parọ́ mọ́ ọn.

Ràímì, ọmọṣẹ́ mi, ní,
"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n tà á fáwọn tó ń ra irin àlòkù."
Bàbá ò fèsì.
Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀ lọ́dún tó kọjá,
ọ̀rọ̀ ló ń ná bí ahun ti í náwó.

Lónìí, mi ò mú irinṣẹ́ jáde.
Mo ní kó máa gùn ún lọ,
mo jókòó sórí koríko, mo ń ka aago.
Nígbà tó di ìṣẹ́jú kejìdínlógún, ohùn rẹ̀ yí.
Mo sáré tọ̀ ọ́. Kó tó kú pátá,
mo di ọmọrí táǹkì mú, mo yí i.

Fìììì.

Táǹkì mí kanlẹ̀,
bí ẹni tó ru omi láti odò dé Òkè-Baálẹ̀
tó wá sọ agbè kalẹ̀.
Ẹ̀rọ sì gbóhùn sókè padà.

Ihò kan wà lórí ọmọrí, kò tó orí ìṣó,
ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ti ń jáde.
Agbọ́n kan ti fi amọ̀ rẹ́ ẹ pa,
ó fi í ṣe yàrá ọmọ.
Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ.
Epo ni mo ń lé kiri. Afẹ́fẹ́ ni ò sí.

Mo fi wáyà gún un. Ó tán.

Bàbá gba ọmọrí náà, ó fẹnu fẹ́ ẹ.
"Nǹkan kékeré báyìí."
Lẹ́yìn náà, láìsí ẹni tó bi í,
"Oyèbísí fẹ́ràn òórùn koríko tútù.
Á ní kí n má tètè bọ́ aṣọ iṣẹ́ tí mo bá délé."

Ó gun ẹ̀rọ, ó ń gé koríko tó kù,
ẹnu rẹ̀ ń lọ lábẹ́ ariwo ẹ́ńjìnnì,
a ò gbọ́ ohun tó ń sọ.
Ràímì ní, "Ọ̀gá, èló la máa gbà?"
Mo ní kó máa ká páálí.